Èéfín Àárọ̀ Lẹ́yìn Họ́sítẹ́ẹ̀lì Àwọn Obìnrin

Inú kíláàsì mi ni ọmọbìnrin náà ti ṣubú. Ìgbà ọyẹ́ ni, a sì ti ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nítorí ooru ọ̀sán. Mò ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí mo gbọ́ tí àga wó lulẹ̀ lẹ́yìn mi. Kí n tó yíjú padà, ó ti wà nílẹ̀, ó di ọrùn ara rẹ̀ mú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tú àpò rẹ̀, tó fa ìnhélà yọ, tó sì fi í sí i lẹ́nu. A gbé e sínú mọ́tò mi, ó di ilé ìwòsàn inú ọgbà yunifásítì.

Ikọ́ fée ni. Ó ti ń bá a jà láti kékeré, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì pé nílé àwọn ní Kuta, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó gbé òun.

"Ìwó níbí ni kì í jẹ́ kí n sinmi, Mà," ló wí.

Ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ̀ dé. Àáfà ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá, eruku ti bo fìlà wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú ọmọ mi, Tíṣà," wọ́n ní. "Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín náà. Ṣùgbọ́n mo wá mú un lọ sílé ni."

"Ẹ dákun, Bàbá. Ọdún tó máa fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ la wà yìí."

"Mo mọ̀. Ta ni yóò wá gba sátífíkéètì náà tí kò bá sí láàyè?"

Ohun tí mo wá sọ, n kò rò ó kí n tó sọ ọ́: "Ẹ fún mi láyè títí sáà yìí á fi parí. Ohun tó wà nínú atẹ́gùn ibí tó ń fún un lọ́rùn, n ó wá a rí, n ó sì rí i pé wọ́n mú un kúrò."

"Ìnṣà Allāhu," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọmọ náà sílẹ̀. Bí ọ̀kadà wọn ṣe ń lọ ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà mí. Fíísíìsì ni mò ń kọ́ wọn. N kì í ṣe dókítà, n kò sì sí lára àwọn tó ń pàṣẹ nínú ọgbà náà.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà nítòsí kíláàsì ló fà á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, torí pé èéfín dúdú rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe olùkọ́ n'Ìbàdàn, tó ní àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo bí atẹ́gùn ṣe mọ́ tó. Mo bẹ̀ ẹ́, ó yá mi ní méjì. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju rédíò àfọwọ́gbé lọ. Ó máa ń fa atẹ́gùn sínú, á wo èéfín àti eruku tí ojú wa kò lè rí. Bí atẹ́gùn bá dáa, iná ara rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Bó bá ti ń bàjẹ́, á di pupa. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo so ọ̀kan mọ́ ìtòsí jẹnẹrétọ̀, mo so èkejì mọ́ ara họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin, níbi tí ọmọ náà ń sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ti họ́sítẹ́ẹ̀lì ti pòórá. Àwọn sikiọ́rítì ló tú u.

"Àwọn ọmọ ló wá fẹjọ́ sùn, Mà," ni ọ̀gá wọn wí. "Wọ́n ní ẹ gbé kámẹ́rà síbi tí àwọn ti ń sá aṣọ."

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé e lọ bá àwọn ọmọ fúnra wọn. Mo ní kí ọ̀kan ṣá ìṣáná, kó sì fẹ́ ẹ pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni iná rẹ̀ pọ́n. Wọ́n pariwo.

"Mà, ṣé ohun tí à ń fà símú náà nìyẹn?" ni ọ̀kan béèrè.

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Àwọn fúnra wọn ló fi okùn ìsáṣọ so ó padà.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yà mí lẹ́nu. Lóòótọ́, ti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n pápá bọ́ọ̀lù ni atẹ́gùn ń gbé èéfín yẹn lọ. Ti họ́sítẹ́ẹ̀lì ló burú jù, ìdájí ló sì máa ń pọ́n, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan jẹnẹrétọ̀. Mo jí lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, mo ń tẹ̀ lé ara ògiri. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé ni iná rẹ̀ ń pọ́n sí i.

Òkìtì pàǹtí ló ń jó lẹ́yìn ògiri: náílọ̀n, ike oúnjẹ, fóòmù tó ti ya. Ìyá tó ń gbálẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì dúró tì í, ó fi etí gèlè bo imú, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ṣé ibí lẹ ti máa ń sun ún?"

"Lójoojúmọ́ ni. Wọ́n ní kí n sun ún tán kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àlejò má baà rí i. Mọ́tò tó ń kó o ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò." Ikọ́ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ fi ibòmíràn hàn mí, n ó kó o síbẹ̀."

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó àyíká ọgbà. Wọ́n tó bàbá mi. Mo na fóònù mi sí wọn kí wọ́n lè rí ohun tí ẹ̀rọ náà fi ránṣẹ́.

"Gbogbo Ìwó ló ń sun pàǹtí," wọ́n ní. Wọ́n dá fóònù mi padà láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Mo tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dé ibi tí akọ̀wé wọn ń rẹ́rìn-ín bó bá ti rí mi lọ́nà.

"Ẹ̀yin tún nìyẹn!" ni ọ̀gá náà wí níjọ́ kan. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?"

"Ẹ bá mi débẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, sà. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe yín, n kò níí yọ yín lẹ́nu mọ́."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n kọ́wọ́ lẹ́rán síwájú iná náà bí ẹni tó fẹ́ borí mi. Atẹ́gùn wá yí èéfín sí wa. Wọ́n húkọ́ títí wọ́n fi di ara ògiri mú. Lókè orí wa, láti inú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a gbọ́ tí ẹlòmíràn náà ń húkọ́. Wọ́n gbójú sókè.

"Ṣé àwọn ọmọ ló wà nínú gbogbo yàrá yìí?"

"Àwọn ni, sà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni púpọ̀ nínú wọn ṣì wà."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá pàǹtí sísun dúró níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò pàǹtí sí ìpẹ̀kun ọgbà, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í gba ọ̀nà yàrá wá. Ti mọ́tò tó ń kó pàǹtí pẹ́ díẹ̀. Mo ṣì ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi tún un ṣe. Àwọn ọmọ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ọ̀rá píọ́ wọ́tà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló tán. Tí ọyẹ́ bá mú, tí àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ilé-Ogbó bá ń sun oko, iná ẹ̀rọ wa a máa pọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà á ti fèrèsé, á sì bo imú kó tó jáde. Ikọ́ náà tún gbé e lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ kò gbé e ṣubú mọ́.

Nígbà tí sáà parí, Àáfà tún wá láti Kuta. Mo mú wọn lọ sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Koríko ti ń hù níbi tí wọ́n ti ń dáná. Wọ́n dúró, wọ́n fa èémí símú dáadáa bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ẹ ṣe é lóòótọ́," wọ́n ní. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. "Ó yá, lọ parí ìwé rẹ."

Ó sì parí rẹ̀. Ẹ̀ka wa ti ra ẹ̀rọ tirẹ̀ báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń so ó káàkiri. Láìpẹ́ yìí, ọ̀gá àyíká ọgbà pè mí fúnra wọn. Wọ́n ní èéfín igi ìdáná ń da àwọn tó ń se oúnjẹ nínú ọgbà láàmú, kí n gbé ẹ̀rọ wá wò ó. Mo gbé e, mo sì lọ.