Tafàtafà Tí Kò Lè Gbápá Sókè

Èèyàn márùn-ún ló ń yàwòrán ní yàrá òkè pátápátá, nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Mẹ́rin nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹnì karùn-ún ti lé ní ogójì dáadáa. Ó máa ń fi awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, Ìyá Ẹ̀wù sì ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń ta ẹ̀wù o. Ẹjọ́ ẹ̀wù ló ń rò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Kí ẹ̀dá kankan tó lè sáré tàbí jà nínú géèmù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà á. Báwo ló ṣe ga tó? Irú imú wo ló ní? Kí ló wọ̀? Yàrá yẹn ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀. Wọ́n á yà á níwájú, wọ́n á yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yà á lẹ́yìn, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n máa fún un lẹ́sẹ̀ ìrìn, lè mọ ẹni tí wọ́n ń gbé dìde. Bí àwòrán bá sì ti dé iwájú Ìyá Ẹ̀wù, ìbéèrè kan náà ni.

"Ó dára o. Ibo ló ń gbà wọ̀ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwòrán ni."

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Bọ́tìnì rẹ̀ dà? Síìpù ńkọ́? Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n ńkọ́, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n bọ́tìnì á dé kó tó di ọ̀sán.

Ọdún méjìlélógún ló ti fi ránṣọ kó tó débẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ náà fi pátákó ìyàwòrán rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú bírò rẹ̀ tí kò ní yíǹkì. Ìyá rẹ̀ ní òun á máa fi ya ẹ̀wù han àwọn oníbàárà, kí wọ́n lè yéé sọ pé "èyí kọ́ ló wà lọ́kàn mi" lẹ́yìn tí òun bá ti gé aṣọ tán. Ẹni àkọ́kọ́ tó yà rí bí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n wọṣọ fún. Ìkejì sàn díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, àwọn oníbàárà mìíràn kò rántí ẹ̀wù mọ́, àwòrán ni wọ́n ń tọrọ. Ọkọ rẹ̀, oníwáyà iná tó fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á mirí.

"Ìyàwó mi, bó o ṣe ń yà wọ́n yìí, wọ́n á tó ní ká fún àwọn ní yàrá."

Oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò ló mú ọ̀kan nínú àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ géèmù yẹn. Bí àgbàlagbà ṣe di akẹgbẹ́ àwọn ọmọdé nìyẹn.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni olórí yàrá wọn. Ọ̀gá Kékeré ni Ìyá Ẹ̀wù sọ ọ́: ọ̀gá nítorí ipò rẹ̀, kékeré nítorí pé àbúrò Ìyá Ẹ̀wù tó kéré jù lọ gan-an fi ọdún mẹ́jọ ju ọmọkùnrin náà lọ. "Ẹ" ni wọ́n jọ ń pe ara wọn. Òun ń sọ "ẹ" nítorí iṣẹ́, ọmọ náà ń sọ "ẹ" nítorí ọjọ́ orí, bí ọmọ náà bá sì fẹ́ bá a wí, á kọ́kọ́ ní "ẹ má bínú, mà". Ó mọ iṣẹ́ o. Tó bá fa ìlà mẹ́ta péré, ẹ ti mọ̀ bóyá inú ń bí ẹni tó ń bọ̀ yìí ni tàbí ebi ló ń pa á. Ìyá Ẹ̀wù fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò kàn jẹ́ sọ ọ́ síta ni.

Lọ́dún kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ géèmù ńlá kan. Ọmọbìnrin tafàtafà kan ni gbogbo ìtàn rẹ̀ dá lé, Ọ̀gá Kékeré fúnra rẹ̀ ló sì ń ya ọmọbìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ló fi yà á, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wò ó. Lọ́jọ́ tó ṣí i hàn wọ́n, gbogbo wọn kóra jọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Irin tó ń dán wà léjìká méjèèjì, ó ga dé etí. Kọ́là awọ yí ọrùn rẹ̀ ká títí dé àgbọ̀n. Ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpo ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹ̀wù náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé awò wọ ojú.

"Ọ̀gá mi, ọmọ yìí kò lè gbápá sókè."

"Ẹ má bínú, mà. Ó lè gbé e."

"Irin yẹn á gbá a létí. Tafàtafà sì ni. Kí ló fẹ́ fi fa ọrun, eyín?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Kékeré náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní nínú géèmù, irin lè wọnú ara kó sì jáde, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìyá Ẹ̀wù ní òun ń wò ó. Ó ní bí ẹ̀wù bá ti ń parọ́, kò sẹ́ni tó máa gba ẹni tó wọ̀ ọ́ gbọ́. Ọ̀gá Kékeré ní kí àwọn fọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìyá Ẹ̀wù kò fi í sílẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gé páálí, ó fi ṣe irin. Ó bó awọ ara àga kan tó ti kú, ó fi ṣe kọ́là. Ó wá aṣọ líle, ó rán ẹ̀wù àti síkẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́ bí àwòrán ṣe sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ìwọ̀n Ọ̀gá Kékeré ló sì rán an sí. Ojú tó ti ń wọn èèyàn fún ọdún méjìlélógún kò nílò téèpù.

"Ọ̀rọ̀ náà ti dìjà?" ni ọkọ rẹ̀ bèèrè, nígbà tó bá páálí káàkiri pálọ̀.

"Ìjà kọ́. Ẹ̀kọ́ ni."

"Hẹn-ẹn. Ẹ̀kọ́ aléjìká gòǹgò."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo rẹ̀ dé inú yàrá. Ọ̀gá Kékeré kọ́kọ́ yarí, àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ń pariwo, ó gbà, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Èèyàn mẹ́ta ló tì í wọnú rẹ̀. Nítorí pé àwòrán kò ní síìpù, kò ní bọ́tìnì, abẹ́rẹ́ ni Ìyá Ẹ̀wù fi rán ẹ̀yìn ẹ̀wù náà pa mọ́ ọn lára.

"Ó yá, ọ̀gá mi, ẹ jókòó."

Kò lè jókòó. Ó kàn fara ti àga bí pákó.

"Ẹ fa ọrun."

Ó gbápá sókè. Páálí gbá a létí, kọ́là ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè, àjà ló wá ń wò bí ẹni ń wòjò. Ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ń tọ bí ẹyẹ. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní Aláwọ̀, ti wà nílẹ̀, ó ń di ikùn mú. Ibi tí wọ́n ti ń wá sísọ́ọ̀sì láti tú ọ̀gá wọn sílẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọ̀gá Àgbà ló wọlé, pẹ̀lú àlejò méjì tó wá wo àwòrán tafàtafà.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà wo Ọ̀gá Kékeré láti òkè délẹ̀. "Ṣé olórí àwọn ayàwòrán yín nìyí?" Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e kì í ṣe irú ẹ̀rín ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kejì ti yọ fóònù, ó ti ya fọ́tò. Ojú Ọ̀gá Kékeré wá pọ́n. Ì bá tẹríba, kọ́là kò gbà fún un. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó gbójú sókè níwájú gbogbo wọn, Ìyá Ẹ̀wù sì rí i pé omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló tú òwú náà. "Ẹ ṣé, mà," ni Ọ̀gá Kékeré wí nígbà tó bọ́ tán. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Nílé, ọkọ Ìyá Ẹ̀wù retí ìròyìn, kò rí. Ó fa àga súnmọ́ ọn.

"Ṣé irọ́ lo pa mọ́ ọmọ náà ni?"

"Rárá."

"Ẹ̀wù ọ̀hún ṣeé wọ̀ bí?"

"Kò ṣeé wọ̀."

"Kí ló wá ń dùn ọ́?"

"Kò lè tẹríba," ló wí. "Wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín, kò lè tẹríba, èmi ni mo sì rán an mọ́nú rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ kò ṣàwàdà. "Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkò ọ̀rọ̀ ni. O ti fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí. Ó ku kó o fi ọ̀tún fà á mọ́ra."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹ̀wù jí dé iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Ọ̀gá Kékeré ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò tàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìyá Ẹ̀wù kò rántí ipò.

"Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ dára, ọ̀nà tí mo gbà sọ ọ́ ni kò dára. Má bínú sí mi."

Ọmọkùnrin náà yí àga rẹ̀ kọjú sí i. "Ẹ̀rín wọn dùn mí, mi ò ní parọ́, mà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi ń wo ọmọbìnrin yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan láti bi í pé ṣé ẹ̀wù náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Ó họ orí. "Ṣé èmi náà lè sọ nǹkan kan fún yín?"

"Sọ ọ́."

Ó tan kọ̀ǹpútà. Gbogbo àwọn ẹ̀dá tí Ìyá Ẹ̀wù ti yà láti ìgbà tó ti débẹ̀ ló tò sójú kan: jagunjagun, olè, ìyàwó tuntun, alákàrà-òyìnbó, nǹkan bí ọgbọ̀n.

"Ẹ wò wọ́n dáadáa, mà."

Ó wò wọ́n. Ẹ̀wù wọn kò lábùkù. Ó tún wò wọ́n.

"Ẹ má bínú," ni Ọ̀gá Kékeré wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo wọn dúró bí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n fún aṣọ."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí! Ẹsẹ̀ papọ̀, àyà síta, apá méjèèjì jìnnà sí ìhà díẹ̀ kí téèpù lè ráyè kọjá. Olè tó yẹ kó máa sá lọ dúró gbọnin, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ iye íǹṣì ìbàdí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìyá Ẹ̀wù kọ́kọ́ la ẹnu, ó pa á dé, ẹ̀rín wá bú jáde, ó rín in títí ó fi di tábìlì mú.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí, mà."

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àga méjì ló ń wà nídìí kọ̀ǹpútà kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìyá Ẹ̀wù á fi ibi tí ojú rírán yẹ kó gbà hàn án, Ọ̀gá Kékeré á tẹ ara ẹni tí wọ́n ń yà, á yí i, á jẹ́ kó gbé ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan. Obìnrin náà wá di ẹni tó ń wo èèyàn lójú títì. Kì í wo ẹ̀wù wọn mọ́, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń nawọ́ mú nǹkan ló ń wò. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ wà lórí àkàbà, ó ń so wáyà mọ́ àjà.

"Dúró bẹ́ẹ̀! Má mira!"

"Ìyàwó mi, wáyà iná ló wà lọ́wọ́ mi o!"

"Ṣebí o ti pa iná. Ṣáà dúró!"

Ó ya bí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe fà jáde nínú ṣòkòtò nígbà tó gbápá sókè, àti bí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yí láti abíyá. Ọkọ rẹ̀ ráhùn pé ó ya ikùn òun mọ́ ọn, pé kò yẹ kí ikùn bá wọn dé ilé iṣẹ́.

Tafàtafà tuntun ní irin kékeré kan ṣoṣo, léjìká apá tó fi ń di ọrun mú. Wọ́n fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin sábẹ́ apá méjèèjì kí ẹ̀wù lè bá a gbéra. Wọ́n rẹ kọ́là sílẹ̀. Wọ́n la síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì wọ ṣòkòtò fún un lábẹ́ rẹ̀. Okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè fi ọwọ́ kan dè fúnra rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ló ronú kan èyí tó kẹ́yìn: bí wọ́n ṣe máa kọ́kọ́ rí i, kò tíì múra tán, ó ń kánjú, ó fi eyín di etí okùn mú, ojú rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá Àgbà wò ó pẹ́. Kò sọ̀rọ̀ abẹ́ apá, kò sọ̀rọ̀ okùn. "Ó dà bí ẹni tí mo mọ̀," ló kàn wí, ó sì ní kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn ti ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un lẹ́sẹ̀ ìrìn, gbogbo yàrá òkè ló sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ọmọbìnrin náà rìn wọlé, ó dúró, ó gbápá sókè. Ẹ̀wù bá a gbéra, irin kò gún nǹkan kan, ó fa ọrun dé etí, ọfà lọ. Ọ̀gá Kékeré ti di ọwọ́ Ìyá Ẹ̀wù mú láìmọ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń mú kọjá títì. Obìnrin náà kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ń fi ọwọ́ kejì nu ojú, ó ní eruku ni.

Ní báyìí, ọmọkùnrin náà máa ń lọ sílé wọn lọ́jọ́ ìsinmi láti kọ́ ìránṣọ. Apá ẹ̀wù méjì ló ti rán, òdì sì ni méjèèjì. Ọkọ Ìyá Ẹ̀wù ní kó má mikàn, pé àwọn á wá ẹni tí apá rẹ̀ wà lódì fún un. Ìyá Ẹ̀wù ní tirẹ̀ ṣì máa ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó yà á dúró gbọnin, ọmọ náà á sì kígbe láti ẹ̀yìn pé "Téèpù!"

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn, arúgbó atukọ̀ kan. Ìyá Ẹ̀wù ní kò sí atukọ̀ tó máa ń wọ bàtà nínú omi. Ọ̀gá Kékeré ní arúgbó ni, òtútù á mú un lẹ́sẹ̀. Ìyá Ẹ̀wù ní bàtà tútù ló ń mú òtútù wá. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọjọ́ kẹta báyìí, Aláwọ̀ sì ti fi òwú di etí méjèèjì.