Òkúta Méjìdínlógún

Bàbá Rọra ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń bá àwọn onísáyẹ́ǹsì ka ìgbín òkun kan tí kò ní ìkarahun, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́ òkúta ló ń gbé, létí òkun níbi tí omi ti ń fà sẹ́yìn láàárọ̀. Kànrìnkàn òkun tó lẹ̀ mọ́ òkúta ló ń jẹ, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí. Ẹ sá wo iṣẹ́ Ọlọ́run.

Òkúta méjìdínlógún péré ló kù tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Rọra á kọ́kọ́ yí gbogbo wọn dojú sókè, á kà, á wá fi ọwọ́ méjèèjì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ojú àpá rẹ̀. Bí oòrùn bá pa ẹyin wọn pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìgbín á ti gungi, á ti sọ̀, olówó orí mi ò tíì wọ bàtà tán."

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí òkúta tó kẹ́yìn ni fóònù dún. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni.

"Bàbá, a ti gbé Màmá dé ọsibítù. Ẹ máa bọ̀ kíá."

"Mò ń bọ̀."

Ó fẹ́ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń mú. Ìdajì wákàtí náà ni, ọsibítù ò jìnnà, wọ́n sì ti gbé ìyá náà lọ rí tó padà wálé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òkúta náà padà. Kò ju ìkankan sílẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti ń fa aṣọ bo ìyàwó rẹ̀ lójú.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè," ni ọmọ rẹ̀ wí, "títí wọ́n fi dákẹ́."

Omi òkun ń kán sílẹ̀ lára ṣòkòtò rẹ̀. Àbámọ̀ jẹ ẹ́ dé egungun.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ìgbín náà. Bàbá Rọra yí òkúta kan, ó nàka sí i. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ kó tó rí i, ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́.

"Èyí náà ni, Bàbá?"

"Òun ni."

Ọmọ náà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà, kí oòrùn má pa á," ló wí, ó sì bá a di etí kejì òkúta náà mú. Bàbá Rọra bú sẹ́kún bí ọmọdé.