Olùṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà àti Àpò Ìrẹsì

Tẹ́ ẹ bá dé ìjọ kékeré tó wà lẹ́yìn oko ata ní Yeongyang nílẹ̀ Kòríà, Màmá Pil-sun lẹ máa kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Opó ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kì í sì í ṣàdédé rẹ́rìn-ín. Ó mọ bàtà oníkálukú tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bàtà àjèjì kan ò lè kọjá lójú ẹ̀.

Nígbà tí Pásítọ̀ Baek kéde pé àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ òdì ti yọ́ wọ ìjọ kan nílùú kejì, pé wọ́n ṣe bí àlejò, wọ́n gbọ́ ìṣòro oníkálukú, wọ́n sì kó ìdajì ìjọ lọ, Pil-sun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́nà. Pásítọ̀ ní, "Ẹ lajú yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹra mọ́ àdúrà." Ti lílajú nìkan ló wọ Pil-sun létí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Gyeong-ran dé. Obìnrin bí ogójì ọdún ni, ilé oúnjẹ ló ti ń fọ abọ́, kò sì sọ ibi tó ti wá. Àfi kó máa bi èèyàn pé, "Màmá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ọmọ yín ti pè?" Ta ló rán an? Kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe? Ọkàn Pil-sun ò balẹ̀ rárá.

Ó sọ fún Mal-rye ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Ara mi ò gba obìnrin yẹn."

"Ta lara ẹ gbà rí? Ọkọ ẹ gan-an, ọdún mẹ́ta lo fi ṣọ́ ọ kó o tó fẹ́ ẹ."

"Máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó bá kó ẹ lọ, mi ò ní wá ẹ."

Ni Pil-sun bá sọ ọ́ diṣẹ́. Gyeong-ran ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń tẹ̀ lé e. Gyeong-ran ń ra ọkà báálì, torí pé owó ìrẹsì funfun ò tó, Pil-sun wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yan ewébẹ̀. Kò ráyè dáná mọ́, búrẹ́dì ló ń jẹ kiri. Tó bá ń gbàdúrà pàápàá, ojú kan ló ń dì.

Àwọn obìnrin ìjọ náà sì ní àṣà kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Kí wọ́n tó da ìrẹsì síná, wọ́n á bu ṣíbí kan kúrò fún orí kọ̀ọ̀kan tó wà nílé, wọ́n á sì gbàdúrà fún olúwarẹ̀. Tó bá dọjọ́ Ìsinmi, oníkálukú á dà á sínú àpò tó ní orúkọ ẹ̀ lára ògiri ìjọ. Ìparí oṣù ni wọ́n ń tú u fáwọn aláìní.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n tú u, Pil-sun tètè dé síbi àdúrà ìdájí, ó sì bá bàtà Gyeong-ran nílẹ̀. Ó yọjú wolé. Obìnrin náà ti ki ọwọ́ bọ inú àpò kan lára ògiri. Pil-sun ò rí àpò ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́. Kí n má purọ́ fún yín, inú ẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí àwọn obìnrin ṣe jókòó yí ọpọ́n ká, Pil-sun dìde. "Ká tó tú nǹkan kan, Gyeong-ran, kí lò ń wá nínú àpò láàárọ̀ àná?"

Gyeong-ran tẹrí ba. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín àwa méjèèjì."

"Kò sí ìkọ̀kọ̀ nílé Ọlọ́run. Sọ ọ́ níbí, tàbí kó o máa lọ."

Gyeong-ran dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá bàtà ẹ̀.

Mal-rye ti ń tú àpò ní tiẹ̀. "Pil-sun, tìẹ rèé. Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkà báálì?"

Pil-sun wo inú ọpọ́n. Ọkà báálì ni lóòótọ́. Ó ti jẹ ẹ́ sú nígbà ìyàn èwe ẹ̀, kò sì fẹnu kàn án látìgbà náà. Ó ronú padà sẹ́yìn. Látìgbà tóṣù ti bẹ̀rẹ̀, kò bu ṣíbí kan rí, kò gbàdúrà lórí ẹyọ ìrẹsì kan, kò tiẹ̀ rántí pé òun lápò lára ògiri. Tó bá sì sọ pé òun ti ń jẹ ọkà báálì, Mal-rye á kàn rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Gyeong-ran ti wọ bàtà kan.

Pil-sun ní, "Kì í ṣe tèmi. Àpò mi ì bá ṣófo. Gyeong-ran ló ń bá mi bù ú sí i."

Ó jáde tọ̀ ọ́ láìwọ bàtà. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo rí i pé ẹ kì í dáná mọ́, Màmá. Mo rò pé ara yín ò yá. Tí mo bá bi yín, ẹ kì í dá mi lóhùn."

Ojú ti Pil-sun gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kan tó wà lẹ́sẹ̀ Gyeong-ran, ó sì tò ó pẹ̀lú èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà tòun fúnra ẹ̀.