Ẹni Tí Gíìtì Dárúkọ

Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọmọ tó gbẹ̀yìn ní kíláàsì di ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni kọ̀ǹpútà dá.

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Arákálẹ̀, l'Ákùúrẹ́. Ètò tí àwọn iléèwé fi ń ṣírò èsì ìdánwò la ń kọ. Ní ìparí sáà kan, iléèwé kan tẹ èsì jáde, ló bá di pé ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù ló gba ipò kìíní, ẹni tó mọ̀wé jù ló gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó mọ̀ pé àṣìṣe ni, bàbá ọmọ kan ti pa adìẹ, ìyá ọmọ mìíràn sì ti na ọmọ tiẹ̀.

Ètò kan tí wọ́n ń pè ní gíìtì la fi ń tọ́jú iṣẹ́ wa. Gbogbo àtúnṣe tí èèyàn bá ṣe ló máa ń wà níbẹ̀: orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ ṣókí tó fi tì í lẹ́yìn. Ọ̀gá wa, ọmọ Òkìtìpupa tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wo ìlà tó fa wàhálà náà nínú ohun tá a kọ, wọ́n sì pè mí.

"Orúkọ ẹ nìyí. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

"Sà, èmi kọ́."

"Ta wá ni? Iwin?" Wọ́n ní tó bá di Jímọ̀, kí n máa lọ sílé.

Wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́ tán nígbà yẹn. Wọ́n ṣì ń wo ọwọ́ mi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan ní Ìsìkàn, ìyá mi sì ti ròyìn fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óǹdó pé ọmọ òun ti ríṣẹ́ l'Ákùúrẹ́. Ojú wo ni màá gbé padà lọ bá wọn? Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Inú mi kì í pẹ́ bí. Ìyá mi ní bóyá omi ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú àgbà, kó ní irọ́ lẹ ń pa?

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni bátìrì rẹ̀ ń dúró. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé á wọ́ tọ̀ mí wá: "Àǹtí, ẹ jẹ́ n fi tiyín ṣe díẹ̀." Kò sẹ́ni tó ń rántí pa orúkọ dà kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣe, èmi ni gíìtì ń kọ ọ́ fún. A máa ń fi í ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní èmi ni mo ṣiṣẹ́ jù l'Ákùúrẹ́.

Mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ git log. Ìtàn iṣẹ́ wa tú jáde, tuntun lókè, ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá dúró lẹ́yìn àga mi. Orúkọ mi kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní ẹnu tiẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kọ ju "Ó ti ń ṣiṣẹ́" lọ. Ọ̀gá ní tiwọn kì í parí nǹkan kan láìdúpẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tá ò bá dúpẹ́ lé lórí kì í tọ́jọ́.

Mo dé ibi ìlà náà, mo tẹ git show kó lè fi ohun tí wọ́n yí padà hàn. Ìlà tí wọ́n yọ jẹ́ pupa, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Lókè, orúkọ mi, àti ọjọ́ Sátidé kan. Sátidé yẹn, Oǹdó ni mo wà, mò ń bá ìyá mi múra ìkórè. Ọ̀gá ló fún mi láyè, wọ́n tún ní kí n bá àwọn kí ìyá. Lábẹ́ orúkọ mi, ohun tí wọ́n kọ ni: "Mo tún ètò ipò ṣe. Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún, wọ́n tún kà á. Ọmọ Ìkàrẹ́ wúkọ́, ó ní òun ń lọ ra omi tẹ́nikẹ́ni ò rán an.

"Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ yẹn," ọ̀gá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kọ̀ǹpútà ẹ ló ní bátìrì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní kí n tún ìlà náà ṣe kíá, pé àwọn fúnra àwọn á pe iléèwé. Ọ̀rọ̀ Jímọ̀ kú síbẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n ra ìrẹsì fún gbogbo wa, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ẹran kún tèmi. Mo jẹ ẹ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ká tó kúrò lọ́fíìsì, mo bi wọ́n pé, "Sà, ṣé kí n pa orúkọ ibẹ̀ dà? Ó ṣeé ṣe."

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. "Fi í sílẹ̀. A ṣáà ti jọ mọ̀."

Wọ́n gbà mí síṣẹ́, mo ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan, mo sì kúrò. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ò mọ̀ mí rí. Bí wọ́n bá tẹ àṣẹ yẹn, tí wọ́n kan ìlà náà, èmi ni wọn yóò máa bú.