Apá Tí Ìyá Ọkọ Mi Nà fún Mi

Àárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń kàwé. Ilé ìwòsàn kan ní Plateau, níhìn-ín ní Ṣábẹ̀ẹ́, ni mo ti ń fọ ìgò ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí a ń pè ní lábó. Bó bá di Sátidé, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Parakú lọ kọ́ ìmọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ara ènìyàn, kí n lè gba ìwé ẹ̀rí tí a ń pè ní lisáǹsì. Àwa tí a ń kàwé lọ́nà yìí kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú wà nínú wa, ẹni tí irun rẹ̀ ti ń funfun wà nínú wa. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró, ẹnì kan á máa tòògbé lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó máa bú u, torí gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó jáde nílé.

Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi. Ọkọ ló gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni wọ́n ti kọ́ mi pé gbogbo ẹni tí mo bá nínú ilé, ọkọ mi ni. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo lè bí lọ́mọ, “ọkọ mi” ni mò ń pè é, mo sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá pàdé àgbà, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀. Ẹni tó bá di ẹrù mọ́wọ́ kí àgbà, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé tó ti wá. Wọ́n ń ṣe é ní Pọ́bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ti ilé ọkọ mi le. Ó pẹ́ tí orúnkún mi ti mọ̀ ọ́n; kì í bi mí mọ́ kó tó tẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú àwọn ọmọ fún mi ní Sátidé. Ẹnu rẹ̀ mú. Bí mo bá ti ń di báàgì, á ní, “Ìwé yìí, ṣé àwọn tó kọ ọ́ pàápàá kà á tán?” Ọjọ́ mìíràn, á ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn. Màá máa di báàgì mi lọ. Kò kọ àwọn ọmọ sí mi lọ́rùn rí, ọ̀rọ̀ lásán ló ń sọ, ẹni tó sì máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tó yá, ìdánwò ọwọ́ nìkan ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn níwájú aṣèdánwò, á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, á sì ṣàlàyé ohun tó rí. Ẹni tó bá kùnà á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá kùnà ìyẹn náà, á padà ka odidi ọdún. Ọkọ mi sì ti sọ pé òun ò lè fara da ọdún mìíràn. Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó dá a lójú.

Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n ti ṣe tèmi. Aṣèdánwò wá láti Kútọnu, kò gbọ́ Yorùbá, Faransé ló ń sọ. Wọ́n pe bàbá arúgbó kan láti àdúgbò Adido wọlé, kí n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Mo gbé àwo abẹ́rẹ́ wọlé, pẹ̀lú òwú àti tuubu tí a ń gba ẹ̀jẹ̀ sí, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bàbá ní, “Kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa.” Bí mo ṣe gbọ́ “ìyàwó wa” báyìí, mo sọ àwo kalẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá.”

Aṣèdánwò wo àwo, ó wo mí. Ó ní ohun tó bá ti kan ilẹ̀ ti di ìdọ̀tí, kò lè wọ ara ènìyàn mọ́, ìdánwò ti parí. Ó tọ̀nà. Mo ti kà á, mo tilẹ̀ ti fi kọ́ ẹlòmíràn. Bàbá bi mí pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń bá ọmọ tó kí àgbà jà. Mo gbé àwo náà nílẹ̀, mo sì jáde.

Mo délé, mo rò ó fún wọn. Ọkọ mi dìde, ó jáde. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ kí àgbà,” ó ní. “A ti kọ́ ọ yó jù.” Inú bí mi gan-an. Wọ́n kọ́ mi débi tí ẹ̀kọ́ náà fi ń dí mi lọ́nà, wọ́n tún wá ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ti ẹ̀ẹ̀kejì, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa mú ẹni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ wá. Mo rò pé ìyẹn ló máa rọrùn. Ọkọ mi, tó ń fi àdá pa paramọ́lẹ̀ lóko, ní bí òun bá rí abẹ́rẹ́, òòyì á kọ́ òun. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní iṣẹ́ kò jẹ́. Àwọn obìnrin ilé ní kò bójú mu kí ìyàwó ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé sílẹ̀. Ó ku ọ̀la, mi ò tíì rí ẹnì kan, ẹ̀rù sì bà mí. Ìyá ọkọ mi ń bó iṣu lẹ́yìnkùlé, kò gbójú sókè.

“Èmi ni mo máa bá ọ lọ,” ó ní. “Kí ni mo tún fẹ́ fi gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí ṣe?”

Ní òwúrọ̀, kí a tó gun alùpùpù zẹ́mijàn, mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i. “Ti òní ti tán nìyẹn,” ó ní. “Bó o bá tún kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, màá dìde, màá gba ọ̀nà Boni lọ, màá lọ roko mi.”

Mo gbé àwo sórí tábìlì. Mo jókòó sórí àga níwájú rẹ̀. “Ẹ na apá yín,” mo ní. “Ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ má mira.” Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, mi ò pàṣẹ fún un rí. Ó nà án, ó di ẹ̀ṣẹ́, kò mira. Apá náà ti gbẹ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo so rọ́bà mọ́ ọn, mo fi ìka wá iṣan, mo rí i, ẹ̀jẹ̀ sì wọ inú tuubu wẹ́rẹ́.

Ó jáde lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì, èmi wọ lábó. Ṣúgà rẹ̀ dára. Ó kan ti kíndìnrín. Ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní kìrẹ́yàtínì, kíndìnrín ló yẹ kó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Tirẹ̀ ga. Mo rò pé mo ti ṣì í ṣe. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún ga. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ èmi ni mo ṣì í, kí n tilẹ̀ kùnà, kí n padà ka ọdún náà.

Aṣèdánwò ti fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà wò. Ó fi èsì méjèèjì wéra, ó ní wọ́n bára mu, iṣẹ́ mi mọ́. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo dìde dúró, mo fi Faransé sọ bí kíndìnrín ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò ní mọ̀: ẹsẹ̀ á máa wú, á máa rẹ ènìyàn, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ mọ́. Bí mo ṣe ń ka àwọn àmì náà ni mò ń rí bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti iyán tó ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìkẹ́ ni. Aṣèdánwò ní mo yege. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ni mo mú wá. Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí a mú un lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí a má jáfara.

Ìyá ọkọ mi ṣì wà lórí bẹ́ńṣì, ó fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti tó.

“Ṣé wọ́n gbà á?”

“Wọ́n gbà á, Ìyá.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè débi pé gbogbo àwọn tó ń dúró de dókítà gbọ́. “Ìyàwó wa ti yege,” ó ní. “Ẹ̀jẹ̀ tèmi ló fi yege.” Obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí bá a yọ̀. Mo jókòó tì í, mo ń dúró kí ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán.