Ẹ̀rọ tí A Fi Gé Èdídí Ìgò Yèyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjan-Èkìtì, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú ìyá tó bí ìyá mi ti fọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú ilé kan náà ni a jọ ń gbé, orí ẹní kan náà ni a jọ ń sùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń rọ omi sínú ìkòkò láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀, tó ń mú ọ̀bẹ láìbéèrè ibi tó wà, tó sì máa ń mọ̀ pé mo ti mú ẹran nínú ọbẹ̀ kí n tó nu ẹnu mi tán, ta ni yóò sọ fún ọmọdé pé afọ́jú ni? Kí wọ́n tó bí mi ni ojú náà ti lọ. Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Inú ń bí mi ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí. N kò ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe jókòó sínú ilé mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó yìí. Ẹ óò mọ ohun tó ń bí mi nínú tí a bá dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín padà sí Ìjan.

Ohun mẹ́ta ni Yèyé ń tà: oyin, òróró ẹ̀pà, àti àdí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún òróró, òun náà ló ń yan èkùrọ́ tó fi ń ṣe àdí, àwọn ọdẹ ló sì ń gbé oyin wá fún un láti oko. Inú ìgò ọtí ló ń rọ gbogbo wọn sí, àwọn ìgò tó dúdú débi pé bí ẹ bá gbé e sójú oòrùn pàápàá, ẹ ò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ló fi ń ṣe èdídí wọn, ìyẹn èyí tó máa ń kù lọ́wọ́ ẹni tí hóró bá ti tán lára àgbàdo. Yóò gbẹ́ ẹ títí yóò fi bá ẹnu ìgò mu, yóò fi ewé gbígbẹ wé e, yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé, yóò wá fi ìda oyin yí i ká. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, kò ní jò, kò sì ní rùn. Imú ajá kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn oníbàárà a máa bi í pé báwo ló ṣe ń mọ oyin yàtọ̀ sí àdí. Yèyé á kàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Èmi tí mo ń bá a jókòó lọ́jà nìkan ló fi hàn. Ó mú àtàńpàkò mi, ó fi kan orí àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èdídí oyin kì í yọ sókè lẹ́nu ìgò rárá. Ti òróró a yọ ní oríkèé ìka kan. Ti àdí a yọ ní oríkèé méjì. Ó ní, “Ọmọ mi, ojú kọ́ ni mo fi í ṣe uṣẹ́ mi, ọwọ́ ni.” Kò sì ṣi ìgò tà rí. Ẹ bá mi rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn àgbà ilé wa kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n rántí.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ti lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Adó, lágbègbè Fájuyì. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní fi irọ́ bà á jẹ́. Níbẹ̀ ló ti rí ìgò òyìnbó nínú ṣọ́ọ̀bù, tí orí gbogbo wọn dọ́gba bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Nígbà tó délé tó rí ìgò ìyá rẹ̀, tí èdídí kan gùn tí òmíràn kúrú, ojú tì í. Ó rò pé àìríran ló ń jẹ́ kí Yèyé máa gé wọn wúruwùru. Ó wá ní òun yóò ràn án lọ́wọ́.

Ó kan ẹ̀rọ kan. Kí n má tàn yín, ẹ̀rọ náà dára. Ó gbẹ́ kòtò tóóró sáàárín pákó tó nípọn, ó kan irin pẹlẹbẹ mọ́ òpin kòtò náà kí ṣùkù má baà kọjá ibẹ̀. Ó wá ayùn àtijọ́ kan, ó pọ́n ọn títí ó fi mú, ó so ó mọ́ igi gígùn kan tó ṣeé fà wálẹ̀. Ẹ ti ṣùkù wọ inú kòtò, ẹ fa igi, ó ti gé. Ẹ ti òmíràn, ẹ fa igi, ó ti gé. Bí wọ́n bá tó igba, gígùn kan náà ni gbogbo wọn yóò jẹ́. Yèyé lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ tuntun ní ìlú kejì, ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Kó tó dé, àbúrò ìyá mi ti yọ gbogbo èdídí àtijọ́ kúrò lẹ́nu ìgò, ó ti fi tuntun sí i, ó sì ti fi ìda lẹ̀ ẹ́.

Ta ló ń ti ṣùkù sínú ẹ̀rọ? Èmi ni. Mo mọ ohun tí gígùn èdídí wà fún, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú ilé náà, mo sì ń ti ṣùkù lọ. Ẹ̀rọ yẹn dùn mọ́ mi ju ohun ìṣeré lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé tí Yèyé bá dé yóò wá nǹkan ṣe sí i.

Ìrọ̀lẹ́ tí ọjà ku ọ̀la ló dé. Ó fọwọ́ kan orí ìgò kìn-ín-ní, ó kan ìkejì, ó kan ìkẹta, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ó ní, “Ta ló ṣe uṣẹ́ mi báyìí?” Inú àbúrò ìyá mi ń dùn, ó ní, “Yèyé, ayé ti là. Gbogbo wọn ti dọ́gba.” Yèyé ní ìka ọwọ́ kò dọ́gba, báwo ni òun yóò ṣe wá mọ̀ wọ́n? Ọmọ rẹ̀ ní, “Mo ti tò wọ́n fún yín. Ọ̀tún ni oyin, àárín ni òróró, òsì ni àdí. Ọmọ yìí yóò sì jókòó tì yín.” Èmi ni ọmọ yìí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí àyè láti tú ọgọ́ta ìgò tí wọ́n ti fi ìda lẹ̀.

Lọ́jà lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ń yin àwọn ìgò náà. Wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń gbé e sílẹ̀ níbi tó bá wù wọ́n. Èmi ńkọ́? Mo ti kó àwọn orí ṣùkù tí ẹ̀rọ gé já sínú aṣọ mi, mo lọ fi ń yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi lábẹ́ igi. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé ìlà àárín ti dàrú. Mo rí i, mo jókòó, n kò sọ nǹkan kan.

Ni ìyàwó tíṣà kan bá dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti dàgbà gan-an ló kú, wọ́n fẹ́ dín àkàrà òkú, ó sì fẹ́ ìgò òróró méjì. Yèyé na ọwọ́ sí àárín. Àtàńpàkò rẹ̀ dúró lórí ìgò, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó yí ojú sí mi, ó ní, “Òróró rèé, àbí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé.” Ìyàwó tíṣà náà la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó wo ìgò náà, ó gbé e lọ.

Ìgò kìn-ín-ní dára. Àárín ìdín àkàrà, nígbà tí òróró ń tán lọ nínú agbada, ó ṣí ìkejì, ó dà á lé èyí tó ń hó. Àdí ni. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo agbo ilé, àkàrà dúdú, àwọn àna sì ń dìde lórí ìjókòó. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ó fi àdí ṣe yẹ̀yẹ́ òkú ìyá wọn. Obìnrin náà sunkún dé ilé wa, wọ́n gbé agbada náà tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Àwọn àgbà ilé wa pé jọ. Wọ́n bẹ àwọn àlejò, wọ́n sì ṣe ìpinnu kíá: ojú Yèyé ti burú jù, kó jókòó sílé, kó má tajà mọ́. Ojú tó ti lọ kí n tó dé ayé ló wá burú jù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Obìnrin tó ríran tó sì gbé ìgò náà lọ, ojú tirẹ̀ kò burú. Àwọn tó ríran tí wọ́n da ìlà rú, ojú tiwọn kò burú. Ìkankan nínú àwọn àgbà yẹn kò béèrè ohun tó yí padà láàárín ọjà tó kọjá àti ọjà yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí egbò títí di òní.

Yèyé ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá. Ó fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fa igi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní uṣẹ́ ọmọ òun dára. Ó wá ní, “Ugbà tí ẹ ń gé e, ta ló bi mí?” Àbúrò ìyá mi wolẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn ìyá mi, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo fi ẹ̀kọ́ ilé bo ẹ̀rù mi mọ́lẹ̀. Yèyé dìde, ó wọlé.

Kò tajà mọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀, tó ń gé ṣùkù àgbàdo: ti oyin, ti òróró, ti àdí, tó ń tò wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ìgò kankan níbẹ̀. Nígbà tó kú, agbọ̀n mẹ́rin la bá lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ará ilé fi dáná.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Adébáyọ̀. Ojú tèmi náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ báyìí, èmi tí mo fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tọ́jú ojú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mò ń dá gbé, mò ń se oúnjẹ mi. Agolo tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni iyọ̀ mi, èyí tí ìdérí rẹ̀ là ni ṣúgà, èyí tí mo so rọ́bà mọ́ ọrùn rẹ̀ ni kaún. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ọmọ dáadáa ni òun náà. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ra ike funfun méjìlá, ó kó gbogbo nǹkan mi sínú wọn, ó da àwọn agolo mi nù. Ó ní ilé ìdáná mi ti wá rí bí ti inú fóònù.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bu iyọ̀ sínú ògì tí mo gbé fún àwọn obìnrin méjì láti ìjọ wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ mi ti gbọ́. Wọ́n ṣèpàdé lórí fóònù, etí mi kò sì tíì di. Mo gbọ́ ohùn àkọ́bí mi pé ojú Mọ́mì ti burú jù, wọn kò lè dá gbé mọ́. Sátidé yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá ti ilé mi pa, kí wọ́n gbé mi lọ sí Àbújá. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n tèmi ni wọ́n ti ń pọ́n abẹ sí yìí.

Àná ni mo pe ọmọ ọmọ mi jókòó, tí mo sọ gbogbo ìtàn Yèyé fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ pé mo dáhùn “Bẹ́ẹ̀ ni” lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Màmá, èwo lẹ fẹ́ kó jẹ́ ti iyọ̀?” Ó yan ọ̀bẹ lórí iná, ó sì fi gé àmì sẹ́nu ìdérí àwọn ike náà bí mo ṣe ń sọ fún un: ẹyọ kan fún ṣúgà, méjì fún iyọ̀, mẹ́ta fún kaún. Mo fi àtàńpàkò kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò ṣi ọ̀kan.

Wọ́n ń sọ pé ayé ti yí padà. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń fi ṣùkù àgbàdo dí ìgò mọ́, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìdérí lónìí, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń jáde ní gígùn kan náà. Ìyẹn kò bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tí kò yí padà. Tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Sátidé, n óò gbé ògì fún wọn, yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣíbí, n óò bi wọ́n ní ohun tí Yèyé bi wá, pé ta ló bi mí, n kò sì ní wọlé lọ bíi tirẹ̀. N óò jókòó síbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi dáhùn.