Ọjọ́ Tí Basit Fẹ́ Ra Epo Rọ̀bì

Wọ́n ní Basit ló sọ bẹntiróò di ọ̀wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọlọ́kadà Sábó ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí owó epo fò sókè. Wọ́n ní ọmọ Ìyá Ẹlẹ́wà tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ra odindi ọkọ̀ ojú omi tó kún fún epo rọ̀bì lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé Ìrẹsà, ọkọ̀ ti di mẹ́ta.

Basit tí wọ́n ń sọ yìí, ṣòkòtò jíǹsì méjì ló ní, ọ̀kan sì ti ń gbé ọ̀dọ̀ télọ̀ láti oṣù tó kọjá.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò lóògùn nínú. Àwọn èèyàn òkè òkun a máa dá àdéhùn lórí epo tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó, bí ìgbà tí alágbàtà bá sanwó ẹ̀wà tó ṣì wà lóko. Iye àdéhùn náà ń lọ sókè sódò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń pe owó lápá kan, àwọn tó ń rà lóòótọ́ lápá kejì, ni Basit máa ń ṣọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kó lè mọ ibi tí ọjà fẹ́ yà sí.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló yá a ní àkáǹtì tó fi ń ṣe é, wọ́n sì ti fàlà: bó bá pàdánù kọjá ibẹ̀, wọ́n á gbà á padà. Lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, ó ti pàdánù débi pé ó ku ẹyọ àṣìṣe kan ṣoṣo kó kọjá ààlà náà. Ó sì ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé bí wọ́n bá gba àkáǹtì náà, òun á lọ máa gbé àpò ní ìsọ̀ Anas, alágbàtà tó ń kó ẹ̀wà wá láti Òkè Ọya. Basit, tí garawa omi méjì ń mú pe orúkọ gbogbo ànábì!

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni ìròyìn iye epo tó wà nípamọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń jáde ní Ọjọ́rú. Kó tó lù, ìyá rẹ̀ gbé àtẹ ẹ̀wà wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣa òkúta. Ó ní fáànù lòun bá wá.

Aago lù, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lójijì, ẹnì kan yọ tó fẹ́ ra ẹgbẹ̀rin àdéhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Basit sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ ti wà lórí máòsì.

"Olówó ti dé," ló wí.

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ó ti rà á?"

"Ó fẹ́ rà á, Màámi."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó fẹ́. Ó ti kiwọ́ bàpò?"

Ní Sábó, ẹni tó ń fẹnu lásán pe owó kò tíì di oníbàárà. Àfi tó bá kiwọ́ bàpò, tó bu ẹ̀wà, tó sì fi eyín gé e wò. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan pariwo pé òun ń wá ọgọ́rùn-ún àpò. Owó gbéra, àwọn èèyàn sáré rà kún tiwọn, àṣé ẹ̀wà tirẹ̀ gan-an ni àbúrò rẹ̀ ń tà fún wọn lẹ́yìn ìsọ̀. Ìyá Basit wà lára àwọn tó rà.

Basit tún wò ó. Ẹgbẹ̀rin náà dúró gbọin, ṣùgbọ́n apá ibi tí ríra gan-an ti ń hàn kò mira. Bí àwọn tó ń tà bá sì ti sún mọ́ ọn, á fà sẹ́yìn. Síbẹ̀ owó ń gòkè, ìka Basit kò sì kúrò lórí máòsì.

"Ó ń lọ o, Màámi."

"Àkànní, jẹ́ kó lọ."

Basit kò tẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹgbẹ̀rin yẹn pòórá, bí ẹni pé kò síbẹ̀ rí, owó sì já lulẹ̀ bí àpò tó bọ́ lórí lọ́rì. Basit gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Ìyá rẹ̀ gbé àtẹ lé e lẹ́sẹ̀, ó ní kó bá òun ṣa òkúta.

Ọlọ́kadà tó gbé oníbàárà ẹ̀wà wá ló dúró lójú fèrèsé tó gbọ́ "Olówó ti dé." Ìyókù, òun ló fi kún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Basit kò ra ẹ̀kán epo kan ṣoṣo.